Ọṣẹ Ìfọyín Nínú Kọ̀ǹpútà Khainza

Òkúta kan ba páànù tí mo fi ń dín ṣapátì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí mò ń tà, òróró gbígbóná dà sínú iná, iná sì sọ. Mo fò sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́kadà ìlú wa, Mbale ní Uganda, ti yí ṣọ́ọ̀bù Wamimbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká. Àwọn kan mú igi, àwọn mìíràn mú ṣéènì.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni Wamimbi ń ṣe. Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n wọ́ ọ jáde. Mugide ló ṣáájú wọn. Khainza, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ni kọ̀ǹpútà tí Mugide gbá mọ́ àyà. Iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà náà máa ń gbóná bíi páànù mi, á wá máa fà bí ìgbín. Wọ́n gbé e wá fún Wamimbi, ó ní àwọn ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó kú mọ́ Khainza lọ́wọ́, kò sì tan mọ́.

Mugide béèrè ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Wamimbi ní àwọn fẹ́ eruku kúrò lára fáànù, àwọn nu ìpara tó ti gbẹ láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tó ń gba ooru lórí rẹ̀, àwọn sì fi tuntun sí i. Ó dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mugide fi ọ̀bẹ tú u níbẹ̀. Nǹkan funfun ló wà nínú rẹ̀, ó gbẹ, ó ti sán bí ògiri àtijọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ ìfọyín," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá yìí, eyín mélòó ni kọ̀ǹpútà ní?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹnìkan pe Wamimbi ní olè. Ládùúgbò wa, tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti bọ́, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ẹjọ́. Ṣéènì ba ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi dáàbò bo orí, igi sì ba ọwọ́ náà. Mo gbọ́ bí eegun ṣe dún.

Masaba wà lábẹ́ tábìlì mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Wamimbi torí ilé-ìwé wọn gba ìsinmi. Òun ló ṣe é; ó jẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wepukhulu, ló ní kó fi ọṣẹ ìfọyín dípò, kí wọ́n ta ìpara gidi, kí wọ́n fi owó rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Masaba kọ́kọ́ kọ̀. Wepukhulu wá fi í ṣẹlẹ́yà lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn.

"Ọ̀bẹ ìkọlà ń dúró dè ọ́ lọ́dún yìí, ọṣẹ ìfọyín lo wá ń sá fún. Lọ bá ìyá ẹ, kó wẹ̀ fún ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ọmọkùnrin bá ti bàlágà la tó ń kọ ọ́ nílà, lójú gbogbo ayé; ẹni tó ń retí ọ̀bẹ kì í sì fẹ́ kí wọ́n pe òun lójo. Ló bá tẹ ọṣẹ náà sí i.

Báyìí, ó di aṣọ mi mú. Ó ní wọ́n á pa ọ̀gá òun.

"Wọ́n á pa ìwọ náà," mo wí. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó já ara rẹ̀ gbà, ẹ̀wù náà ya mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi ọ̀gá mi sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ náà ni wọ́n kọjú sí. Bíríkì bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ṣubú, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ gún un. Ẹnìkan ní kí wọ́n wá táyà wá, kí wọ́n fi sun ún. Mo ṣubú jókòó sínú ìyẹ̀fun mi.

Ìgbà náà ni Khainza sáré dé. Ó da ara rẹ̀ lé Masaba lórí. Igi tó ti wà lókè bà á léjìká kí Mugide tó mọ̀ pé àbúrò òun ni, tó sì di ọwọ́ ẹni tó mú igi náà.

"Ibi tó gbóná kọ́ ni iṣẹ́ mi wà," ni Khainza wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ṣì lè yọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n, ta ló máa bá mi yọ ọ́? Ẹ̀yin?"

Àwọn ọlọ́kadà sọ igi sílẹ̀. Wọ́n ń ki ṣéènì bọ abẹ́ ẹ̀wù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, Wamimbi jókòó, ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn, ó ń sọ ohun tí Masaba máa tú. Ojú kan ṣoṣo ni ọmọ náà fi ń ríran. Iṣẹ́ Khainza jáde láìdín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Wamimbi ò tò dáadáa, kò lè tú nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ láé. Etí Masaba kan ti di. Wepukhulu ti lọ sí ìlú Soroti, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mugide àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń ra ṣapátì lọ́wọ́ mi. Mo ń tà fún wọn. N kì í wo ojú wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹni tó fi ẹ̀rín tì yín sínú màgòmágó kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí igi bá dé, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnìkan lólè, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè.