Ìka Kẹrin

"Ẹ fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀, màmá. Ó kàn máa ń dun èèyàn lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí orin gan-an."

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí bàbá rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní Olórin ló sọ bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nínú pálọ̀ Tíṣà. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́, nítorí pé Tíṣà fúnra rẹ̀ jókòó sí igun yàrá, ó fi ìwé ìròyìn bojú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni Ìyá Aránṣọ, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó wá ní gìtá ló kù tí òun fẹ́ mọ̀ láyé òun. Inú obìnrin náà dùn. Ta ni wọ́n máa ní kó fo iṣẹ́ tí yóò bínú?

Bí Tíṣà ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gìtá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ orin, Tíṣà á fa akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan lé e lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò ní dá sí i. Á kàn jókòó sígun, á máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Olórin ló kàn.

Bàbá Olórin ńkọ́? Káfíńtà ni, ọ̀rọ̀ orin kò sì wọ̀ ọ́ létí. "Gìtá," ni yóò wí, á gbọn eruku pákó kúrò ní apá. "Ìyẹn náà ni wọ́n ń lọ kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga? Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní àwọn ń lọ kọ́ oorun sísùn." Ìyá ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà bá pé, òun á wá fojú òun rí i. Tí òun bá rí i pé iṣẹ́ ni, òun á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ eré, kí ọmọ yáa lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wá gbọ́ àṣírí Olórin. Àwọn onígìtá máa ń ka ìka ọwọ́ òsì wọn ni: ìfábẹ̀lá ni ìkínní, ọmọńdinrín ni ìkẹrin. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé Tíṣà, iṣẹ́ ìka ni: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, lórí okùn kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìka kẹrin Olórin kò lágbára, iṣẹ́ náà sì máa ń dùn ún wọnú eegun. Ló bá kúkú pa á tì. Ó ń fi ìka mẹ́ta sáré lórí okùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kígbe pé ọwọ́ rẹ̀ ń jó bí iná. Ní ti ojú ìwé àkọ́kọ́, ó kàn ń fàmì sínú ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́ pé òun ti ṣe é. Ọdún méjì gbáko.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Tíṣà ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta ìlà kẹta orin kékeré tí ẹ ń kọ́ yẹn."

Ìyá Aránṣọ gbé gìtá sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì. Ìyẹn lọ geere. Nígbà tó dé ìlà kẹta, níbi tó ti yẹ kí ìka kẹrin nà jáde, ọwọ́ rẹ̀ fò fìrì, okùn náà sì dún gbùù bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ó tún un ta. Bákan náà ni. Ọmọńdinrín rẹ̀ ká sínú àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbín tó wọ ìkarahun.

"Kí ló dé tí ẹ ká ìka yẹn pamọ́?" Tíṣà bi í.

"Bí tíṣà mi kékeré ṣe ń ṣe é nìyẹn," Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá pé kí n rán irú ẹ̀, mi ò ní fo bọ́tìnnì kan."

Olórin wo ọwọ́ obìnrin náà. Àfi bíi pé ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí.

Kí ó tó fèsì, Ìyá Aránṣọ mí kanlẹ̀, ó sì rọra gbé gìtá kúrò lórí itan. "Àbí ọjọ́ orí ni, Tíṣà? Ìka ti gan. Ó dà bíi pé kí n máa lọ sílé mi, kí n yé fi àkókò yín ṣòfò."

Tíṣà yíjú sí Olórin. "Ìwọ lo ń kọ́ wọn. Ṣé ọjọ́ orí ni?"

Ìdáhùn tó rọrùn ti wà létè rẹ̀. Tó bá ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ó rí bí Ìyá Aránṣọ ṣe ń fi ọwọ́ kan pa ìka ọwọ́ kejì lára, bí ẹni tó ń dágbére fún un.

"Kì í ṣe ọjọ́ orí," ló sọ. "Èmi ni. Mi ò ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ rí, sà. Mo kàn ń fàmì sí i ni. Èmi náà ni mo ní kí màmá fò ó."

Tíṣà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń ṣe mí bíi pé mo rí i," ló wí. "Ó dáa. Orin ńlá tó o fẹ́ lọ ta níbi ìdánwò, gbé e tì. Orin kékeré tí màmá ń kọ́ yìí lo máa ta. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Olórin. Ó ti fi orin ńlá yẹn yangàn káàkiri kíláàsì. Ìyá Aránṣọ ló fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. "Tíṣà kékeré, sún mọ́ mi. Ó kúkú sàn kéèyàn tú aṣọ tún rán ju kó wọ̀ ọ́ ní wíwọ́ jáde lọ." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Bàbá Olórin wọlé, ó ṣì fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, ó jókòó sétí àga bí ẹni tí kò ní pẹ́. Kò bá eré kankan níbẹ̀. Ìka ni àwọn méjèèjì ń nà lórí okùn, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n ń dúró, wọ́n ń padà síbi tí wọ́n ti ṣì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ ta orin kékeré yẹn. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, ìka kẹrin méjì nà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Ọkùnrin náà sún àga rẹ̀ mọ́ wọn. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú ọwọ́ wá, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ orí ìka kẹrin tó ti le.

"Mi ò mọ̀ pé báyìí ló rí," ló wí. "Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fá pákó lásán kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n kan àpótí. Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni." Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí. "Fọ́ọ̀mù ọ̀hún dà?"

"Bírò ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, bàbá," Olórin sọ, Tíṣà sì na tirẹ̀ sí i.

Nígbà tí àbájáde ìdánwò dé, orúkọ Olórin wà nínú àwọn tí wọ́n mú. Òun ló gbẹ̀yìn. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. "Wọ́n ní kí ẹni ìkẹyìn máa jókòó síta ni?" ni bàbá náà bi í, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀, ó ń fi imú kọ orin kékeré náà.

Ìwé àmì ẹ̀tàn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Olórin títí dòní, kò sun ún, kò fà á ya. Àwọn tó ń kọ́ ní gìtá báyìí ló máa ń fi hàn, á wá sọ fún wọn pé: àmì tó o fà sínú ìwé lè tan tíṣà rẹ, ó lè tan bàbá rẹ, ṣùgbọ́n okùn gìtá kì í ka ìwé. Ibi tó o bá fò nínú ẹ̀kọ́ rẹ, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti béèrè rẹ lọ́jọ́ kan. Tó o bá sì ti mọ̀ pé o fò ó, padà síbẹ̀ lónìí. Kò tíì pẹ́ jù. Ẹni ọgọ́ta ọdún ló bá Olórin padà síbẹ̀.