Ọ̀rọ̀ Tí Kóòtù Kò Gbọ́

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe ní kóòtù ìjọba. Ohun tí ẹnìkan bá fi èdè kan sọ, èmi á fi èdè kejì sọ ọ́. N kì í bu iyọ̀ sí i, n kì í yọ ata kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí. Ojú mi ló ṣe, ní ọdún tó ṣáájú òmìnira.

Ọ̀rẹ́ mi ni Lọ́yà Adéníyì. Kò tíì pẹ́ tó ti ìlú Òyìnbó dé, ó sì gba yàrá méjì ní Bẹẹrẹ fún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa aláṣọ kan l'Ọ́jé, bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ṣàngódèyí, oníbàárà rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, wá bá a. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ní òun mọ nǹkan kan nípa ikú náà.

"Ẹ sọ ọ́, bàbá," Adéníyì ní. "Ohun tí oníbàárà bá sọ fún lọ́yà, kò gbọdọ̀ jáde láìgbàṣẹ. Òfin ti dè mí lẹ́nu."

"Òfin yín, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mulẹ̀."

Ó bu erùpẹ̀ sínú omi. Ó ní ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì mu ún. Adéníyì ń ṣẹ́jú sí mi, bí ẹni pé eré lásán ni. Wọ́n ní kí n jáde. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò ṣẹ́jú sí mi mọ́.

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi mú Àkíbù, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹyẹrúnkà, pé òun ló pa aláṣọ náà. Bí ẹ̀bi bá di tirẹ̀, ikú ni.

"Kì í ṣe òun," Adéníyì sọ fún mi. Ìyẹn pàápàá kò yẹ kó sọ.

"Ta ni, nígbà náà?"

"N ò lè sọ."

Inú bí mi. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ kú yìí o. Kò bá mi jà. Ó lọ bẹ bàbá títí pé kó jẹ́ kí òun sọ ọ́, bàbá kọ̀.

Ìgbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é. Mo bá a lọ. Ọ̀sán gangan ni. Èjìdé, ìyàwó bàbá, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Mo tú yín sílẹ̀, lọ́yà. Ẹ lọ sọ ọ́."

Abẹ̀bẹ̀ dúró. "Bàálé mi," Èjìdé ní, "ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ náà tú wọn sílẹ̀?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ó la ẹnu láti dáhùn. Kò dáhùn tí ó fi kú.

"Oníbàárà ti yọ̀ǹda," Adéníyì ní nígbà tí a ń padà lọ. "Ó parí." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún bí ti ẹni tó gbàgbọ́.

Lọ́yà tó ń gbẹjọ́ Àkíbù rò pe Adéníyì ní ẹlẹ́rìí. Ó búra. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún Àkíbù. Orúkọ rẹ̀, a gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀, a gbọ́. Bí bàbá ṣe yọ̀ǹda fún un, a gbọ́ ọ ketekete.

"Kí ni bàbá sọ fún yín?"

Adéníyì la ẹnu. Ètè rẹ̀ ń lọ. A kò gbọ́ nǹkan kan. Fáànù ń yí lókè, òun náà kò dún mọ́.

Adájọ́ ní kó gbóhùn sókè. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, ó tiẹ̀ na ọwọ́. Nígbà tó parí, ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò mọ̀ pé a kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà ara mi kú. Láti ọjọ́ náà, ara mi kò tíì jí dáadáa.

Àkíbù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ yín, lọ́yà. Ẹ ṣeun."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ wò mí. "Bi í. Kí ló gbọ́?"

Mo bi í. Àkíbù la ẹnu. Ètè tirẹ̀ náà ń lọ.

Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, dì mí mú lẹ́yìn kóòtù, nínú oòrùn.

"Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ dúró tì í. Kí lọmọ mi sọ?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó ṣì ń wo ẹnu mi, ó ń retí kí n dáhùn.