Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Gbójú Fò

Àmì kan tí Usamah gbàgbé láti tì ló sọ òun àti Hanifah dojúlùmọ̀. Kání Hanifah mọ̀ ni, ì bá wo ibòmíràn lọ́jọ́ náà.

Inú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Fọlágbádé, nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ni. Usamah ti jókòó ti láptọ́ọ̀pù láti òwúrọ̀, ojú rẹ̀ ti le. Hanifah, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

“Ẹ ṣí i lókè, ẹ ò tì í nísàlẹ̀,” ó ní. “Àmì tẹ́ ẹ bá ṣí nínú XML tẹ́ ẹ fi ń kọ fáìlì yìí, ẹ gbọ́dọ̀ padà wá tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, prógíráàmù ò ní lè kà á.”

Ó bá a tẹ àmì náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì tò.

“Háà! Ta ló bí irú ọmọ báyìí?”

“Màmá mi ni,” Hanifah dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ ẹbí ni Usamah gbé wá. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ayé bàbá ńlá wọn, wọ́n sì fẹ́ kó orúkọ gbogbo ìdílé jọ sórí ìkànnì: ọkọ, aya, ọmọ, ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ará Èkó, ará òkè òkun. Hanifah kọ prógíráàmù tí yóò máa ka fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Usamah kọ òfin tí prógíráàmù náà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ gbọ́dọ̀ wà, ọdún ìbí gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà, ààyè orúkọ bàbá kò gbọdọ̀ ṣófo. Èyí tó bá tàpá sófin, prógíráàmù á dá a padà.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, àwàdà sì di ìfẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí Usamah gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Hanifah, kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

“Àbẹ̀kẹ́ mi, kọ orúkọ ara ẹ sábẹ́ tèmi,” ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan. “Aya Usamah. Jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí.”

Hanifah bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ bàbá, ó fò ó. Kúbúrátù, màmá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ayépé, kò dárúkọ ọkùnrin náà fún ẹnikẹ́ni rí, Hanifah sì ti jáwọ́ nínú bíbéèrè láti kékeré. Prógíráàmù fi lẹ́tà pupa dáhùn pé orúkọ bàbá ṣófo, òun kò gbà á.

“Fi ti ẹ̀gbọ́n màmá ẹ síbẹ̀ jàre,” Usamah ní.

“Òun kọ́ ló bí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré lo máa yí nínú òfin ẹ, kí ààyè yẹn lè ṣófo.”

“Mo mọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí Alhaji ná.”

Alhaji Kàmọ́rù ni olórí ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá Usamah. Ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún Hanifah.

“Ọmọ lèsí ni ẹ́, ìyá mi?”

“Ọmọ Kúbúrátù ni mí, sà, ní Ayépé.”

“Mo gbọ́. Bàbá ńkọ́?”

Hanifah wo Usamah. Kápẹ́ẹ̀tì ni Usamah ń wò.

“Mi ò mọ̀ wọ́n, sà.”

Alhaji kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tá ò mọ orísun ẹ̀, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé wa.”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Usamah fẹ̀rín wọlé. “Mo ti rọ́gbọ́n dá sí i! Orúkọ ẹ ti wọlé, prógíráàmù ò sì bá wa jà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ká lọ so yìgì nílùú Ibefun. Èmi, ìwọ, ààfáà, ẹlẹ́rìí méjì. Tó bá yá, a óò sọ fún wọn nílé.”

Ayọ̀ gba ọkàn Hanifah. Ó fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra, ó sì rí i lóòótọ́: Hanifah Àbẹ̀kẹ́, aya. Lẹ́yìn náà ló rí ọfà kékeré, àmì ìyanu àti dáàṣì méjì tó ṣáájú rẹ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Usamah ní àmì náà. Ohun tí a bá fi àmì yìí ká mọ́, ojú ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló wà fún. Prógíráàmù kì í yẹ̀ ẹ́ wò, kì í sì í gbé e lọ sórí ìkànnì.

“Usamah, o fi mí pamọ́.”

“Rárá o, ìfẹ́ mi. Ṣebí o wà níbẹ̀? Ṣé o ò rí i ni?”

“Mo rí i. Ìwọ náà rí i. Ta ló tún lè rí i?”

Usamah nawọ́ láti pa láptọ́ọ̀pù dé, Hanifah dì í mú.

“Ibefun náà ńkọ́? Ibi tẹ́nì kankan ò ti ní rí mi náà kọ́ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní kó o yí padà.”

“Alhaji ló...”

“Alhaji ò mọ òfin tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo kọ ọ́.”

Ó dun Hanifah débi pé kò rí ẹkún sun. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà pa. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wọ mọ́tò Ayépé, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Lọ́dún kejì, ẹbí náà dá fáìlì wọn padà sí ṣọ́ọ̀bù fún àtúnṣe, ọ̀gá sì gbé e fún Hanifah. Lábẹ́ orúkọ Usamah, ó rí Ikhlas, aya, orúkọ bàbá pé pérépéré. Lábẹ́ ti Ikhlas, nínú àmì náà, òun ṣì wà níbẹ̀. Usamah kò yọ ọ́, kò sì ṣí i.

Hanifah ní kí prógíráàmù yẹ fáìlì náà wò. Ó dáhùn pé kò sí àṣìṣe.

Hanifah pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó tún ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáhùn pé kò sí àṣìṣe.