Omi Tí Lánlọ́ọ̀dù Kì í Mu

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, kò pẹ́ tí ìjọba alágbádá padà dé. Hàmdálàt fa omi nínú kànga ilé tó ń gbé ní Ṣómólú, ó dà á sínú báàfù funfun kó lè fi wẹ ọmọ rẹ̀, Waliyat. Omi náà pọ́n rúsúrúsú. Kò yà á lẹ́nu mọ́. Àwọn ayálégbé ní amọ̀ ni. Hàmdálàt a máa ju álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i, a sè é, òun àti ọmọ rẹ̀ a sì mu ún.

Bó ṣe bu omi sí Waliyat lẹ́yìn, ọmọ figbe ta. Egbò wẹ́wẹ́ tó wà lápá rẹ̀ ti tàn dé àyà.

Àbdùlsàmàd, àbúrò Hàmdálàt tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, wá kí i lọ́jọ́ náà. Ó wo omi náà títí, ó wá bọ́ sẹ́yìn ilé. Alàgbà Ọdẹ́túnjí, lánlọ́ọ̀dù wọn, ní ilé ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé. Omi tí wọ́n fi ń fọ pléètì ìtẹ̀wé, páànù tí wọ́n ya ọ̀rọ̀ sí, ń ṣàn gba inú gọ́tà tó ti fọ́, ó ń wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Àǹtí mi, ẹ má lo omi yìí mọ́," ló wí. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ yẹ̀wò ní yunifásítì.

Nígbà tó padà wá, ó mú ìgò omi kan tó dúdú bíi íǹkì dání.

"Ìdọ̀tí lo tún fẹ́ dà sórí ìdọ̀tí?" ni Hàmdálàt bi í.

"Irin ni, Àǹtí. Wọ́n ti sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á ṣù mọ́ra, agbára rẹ̀ á dínkù. Ìdí nìyẹn tí àwa ní yunifásítì fi fi sítáàṣì bò ó."

Ó da díẹ̀ sínú omi kànga, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú silẹ̀, omi òkè sì mọ́.

"Oró tó wà nínú rẹ̀ ni kròmíọ̀mù," Àbdùlsàmàd ṣàlàyé. "Inú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe pléètì ló ti wá. Irin yìí ló yí i padà tí kò fi lè yòrò mọ́. Álọ́ọ̀mù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì sè é, omi ló ń gbẹ lọ, oró ń kù sínú ìkòkò."

Hàmdálàt gbé ìkòkò omi tó ti sè, ó dà á nù. Oṣù mélòó ló ti ń sè é fọ́mọ mu.

Alàgbà Ọdẹ́túnjí ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Dà á sínú kànga nígbà náà, ká gbàgbé ẹ̀."

"Bàbá, inú ìgò ni mo ti dán an wò. Ti kànga gba àyẹ̀wò, ó gba sísẹ́. Bí ẹ bá sì ń da tuntun sí i lójoojúmọ́, irin kankan ò lè bá a. Ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ dúró."

Bàbá pòṣé, ó wọlé.

Lẹ́yìn tí Àbdùlsàmàd lọ, Bàbá kó ìdọ̀tí irin tó wà nílẹ̀ ní sọ́ọ̀bù wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Fádèyí, ó dà á sínú kànga. Ó sọ fáwọn ayálégbé pé yunifásítì ti wo omi sàn. Nígbà tí omi tún pọ́n sí i, ó ní irin ló ń ṣiṣẹ́. Hàmdálàt kìlọ̀ fún gbogbo wọn. Serifat tó ń gbé yàrá kejì sí i ò gbọ́. Ó ní lánlọ́ọ̀dù ò lè parọ́ irú ìyẹn.

Nígbà tó yá, Serifat ń bì, ojú rẹ̀ wú, kò lè tọ̀ dáadáa. Hàmdálàt sáré gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ bẹ Bàbá pé kó fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù. Ó bá àpò píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà, tí wọ́n tò jọ kan òrùlé. Ìyàwó Bàbá ń já a sínú ìkòkò ìrẹsì.

"Màámi, ìgbà wo lẹ ti ń lo èyí?"

"Látìgbà tí omi ti yí. Bàbá ní ká má fẹnu kan ti kànga."

Bàbá jáde láti inú yàrá. Hàmdálàt tutọ́ síwájú rẹ̀, ó yí padà.

Mọ́tò aládùúgbò ló gbé Serifat lọ. Kò kú, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́, kò lè ṣòwò mọ́. Àwọn ayálégbé fẹjọ́ sun àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n dí kànga, wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé pa, Bàbá sì ń lọ jẹ́jọ́ ní kóòtù. Egbò Waliyat jiná, àpá rẹ̀ ò parẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí omi yín bá yí àwọ̀ tàbí òórùn, ẹ má sè é mu. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má ra ìyẹ̀fun irin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní òun lè fi fọ kànga. Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kẹ́míkà, ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ pe àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó o dànù. Omi tí ẹ kò jẹ́ fún ọmọ yín mu, ẹ má fún ọmọ ẹlòmíì.