Ohùn Kẹsàn-án

Omi dé orúnkún rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ó sì ru bàsíà ńlá kan tí ó fi ọ̀rá bò. Báyìí ni Gbénró ṣe rí ọmọbìnrin náà nígbà àkọ́kọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje tí òjò ti sọ ọ̀nà Iba di odò. Àwọn yòókù ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ. Òun ń rìn bọ̀ láàárín ọ̀nà bí ẹni tí ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé le.

Ó dé ẹ̀gbẹ́ kòtò kan, ó dúró. Gbénró, tí ó wà lórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, na ọwọ́ sí i.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú, kí ẹja yín má ṣubú."

"Ta ló sọ fún yín pé ẹja ni?"

"Kí ló tún máa ń wà nínú bàsíà?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fò kọjá. Nígbà tí ó sọ bàsíà kalẹ̀ tí ó tú ọ̀rá mẹ́ta, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni Gbénró rí, tí ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé bí ọmọ tuntun.

"Omi ò kan ẹja yín," ni Gbénró wí.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ó wọ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù lọ. Gbénró kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ó ti sin ìyá rẹ̀.

Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ni ìyá náà ń tà níwájú ilé rẹ̀ ní Igbó-Elérin. Opó ni, Gbénró nìkan ló sì bí. Kánò ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá kò mọ̀wé, nítorí náà ohùn ni ó máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Gbénró a ní, "Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, n óò gbọ́ ọ." Mọ́kànlá ni kò gbọ́ títí ìyá fi kú.

Ọwọ́ rẹ̀ wá dilẹ̀. Ó fi iṣẹ́ Kánò sílẹ̀, ó ń gbé ilé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ohùn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tẹ èkíní. Kí ìyá tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti pa á.

Ó rò ó pé bí ó bá jẹ́ ìwé ni, òun yóò lè kà á. Ó lọ sí ọjà iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tí ó ń wá òṣìṣẹ́ ti ń kọ ohun tí ó fẹ́, tí àwọn tí ó lè ṣe é á sì dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ pé: "Mo fẹ́ ẹni tí yóò gbọ́ ohùn mọ́kànlá ní èdè Yorùbá, tí yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Kí ó má yọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ó má fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

Ènìyàn mẹ́fà dáhùn. Márùn-ún sọ iye tí àwọn yóò gbà. Ẹ̀kẹfà, tí ó pe ara rẹ̀ ní I. Dáramọ́lá, béèrè pé, "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n ṣì wà?"

Gbénró ka ìbéèrè náà. Ó kọ ọ́ pé, "Wọn ò sí mọ́." Ẹni yẹn ni ó gbé iṣẹ́ fún.

Ìrètí ni orúkọ Dáramọ́lá yìí. Òun ni ọmọbìnrin oní-bàsíà. Kò fi àwòrán sí ojú ìwé rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á síṣẹ́ tìtorí ojú. Gbénró kò mọ̀ pé òun ni. Òun náà kò mọ̀ pé oníbàárà yìí ni ẹni orí pákó.

Ó ki íápíìsì bọ etí, ó tẹ ohùn àkọ́kọ́.

"Gbénró ọmọ mi, èmi ni. Ṣé o ti jẹun?"

Ọwọ́ Ìrètí dúró. Ó mọ ohùn náà. Màmá Olówùú ni. Kí òun àti bàbá rẹ̀ tó kó wá sí Iba, ilé wọn ló tẹ̀ lé ti ìyá yìí. Òun gan-an ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìka tẹ fóònù mọ́lẹ̀ kí ó tó gba ohùn. Láti ọdún kan tí wọ́n ti kó, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ pé òun yóò lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni kò túfọ̀ fún un. Ẹnu iṣẹ́ ni ó ti gbọ́ pé wọn kò sí mọ́.

Ó jáde, ó dúró níta fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ti gba iṣẹ́, ó gbọdọ̀ ṣe é.

Ní ohùn kẹsàn-án, ìyá náà ní: "Gbénró, ọmọ kan wà ládùúgbò wa kí wọ́n tó kó lọ sí Iba, Ìrètí lorúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní èyí tí mò ń ṣe yìí. Bí o ò bá tíì rí ẹnì kan, wá wò ó. N ò tíì sọ fún un o. Olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n kì í purọ́."

Ìrètí yọ íápíìsì létí. Bí òun bá tẹ èyí, ọkùnrin náà yóò ní òun fúnra òun ló fi orúkọ òun kún un, pé ọkọ ni òun ń wá lọ́dọ̀ oníbàárà. Bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́, òun ti da iṣẹ́. Ó fo ibẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò fo ọ̀rọ̀ kan rí.

Gbénró ka ìwé náà láti orí dé ìdí. Nínú ohùn mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ ti béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó fún òṣìṣẹ́ náà ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bí ó sì ti mọ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ẹ̀rù ohùn náà fi í sílẹ̀. Ó gbé ìwé lé ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, ó ń fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ohùn kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ inú ìwé parí, ẹnu ìyá rẹ̀ kò tíì dákẹ́.

Gbénró gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìrètí náà títí ó fi parí. Ó kọ̀wé sí i lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìyá mi."

"Mo yọ ọ́. Ẹ má bínú."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni Ìrètí yẹn."

Oníjìbìtì ni Gbénró kọ́kọ́ pè é lọ́kàn. Ó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí àwọn tó ni ọjà náà. Bí ó bá fi í ránṣẹ́, wọn yóò ti ojú ìwé I. Dáramọ́lá pa, orúkọ rere ọdún mẹ́rin yóò sì di asán. Ohun tí Ìrètí àti bàbá rẹ̀ ń jẹ nìyẹn. Ó ku kí Gbénró fi í ránṣẹ́, ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ibo ni ìyá mi ń so sáàsì tí wọ́n fi ń gé òwú mọ́?"

"Wọn kì í so ó. Inú bàtà bàbá yín tó ti kú ni wọ́n máa ń fi í sí, lábẹ́ àga."

Gbénró dìde. Láti ìgbà ìsìnkú ni ó ti ń wá sáàsì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà dúdú àtijọ́ náà, irin tútù kàn án lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa ẹjọ́ tí ó kọ rẹ́.

"Ẹ máa bọ̀," ó kọ ọ́. "Ẹ mọ ilé."

Nígbà tí Gbénró ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin oní-bàsíà ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìrètí ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n orí pákó."

"Ẹlẹ́ja," ni Gbénró wí. "Ìyá mi ní ẹ kì í purọ́."

"Wọn ò tíì rí mi níbi iṣẹ́ yìí ni."

"Wọ́n tún ní olórí kunkun ni yín."

"Mi ò jiyàn ìyẹn."

Ìrètí bẹ̀rẹ̀ sí wá. Yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí pẹpẹ òwú, Gbénró yóò máa ta síìpù fún àwọn télọ̀, yóò máa mú gígùn fún ẹni tó fẹ́ kúkúrú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà sí Kánò," ni Ìrètí yóò wí, láìgbé ojú sókè. Kò sí ìgbà tí ó sọ ọ́ tí ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Gbénró lọ sí Iba lọ fara han bàbá Ìrètí, ojú bàbá le. Awakọ̀ ni ní Okokomaiko kí ó tó fẹ̀yìn tì. Aya rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà.

"Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti pàdé. Ta ni alárinà yín?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Òkú ló ń ṣe alárinà fún ọ. Dìde, ọmọkùnrin."

Gbénró kò dìde. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ ohùn kẹsàn-án.

Bí ohùn náà ti jáde, bàbá ta dìde, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí fìlà bí ẹni tí ó fẹ́ kí àlejò. Ó mọ Màmá Olówùú, ṣùgbọ́n Ìrètí kò tíì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni Gbénró. Lẹ́yìn ikú aya rẹ̀, obìnrin yìí ló ń rán bọ́tìnì ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ohùn fi parí.

"Tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́ ọ. Bàbá jókòó.

"Èmi ò ní ohùn ìyá Ìrètí kankan," ó wí. "N ò rò ó láti gbà á sílẹ̀."

Ó yíjú sí Gbénró.

"Mo ti gbọ́ ìyá. Ọmọ ńkọ́? N ò tíì gbọ́ kí ìwọ fúnra rẹ sọ nǹkan kan."

Lọ́jọ́ Ajé, Ìrètí ṣí kọ̀ǹpútà, ó bá iṣẹ́ tuntun kan tí a kọ sí òun nìkan. Ohùn kan ṣoṣo. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí: "Kí ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kan."

Ó gbọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́:

"Ìrètí, Gbénró ni. Mo ti jẹun. Ìyá mi ní kí n wá wò ọ́. Inú omi Iba ni mo ti kọ́kọ́ wò ọ́, n ò sì tíì gbójú kúrò. Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi. Bí bàbá bá ń gbọ́, mo dọ̀bálẹ̀."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan kò yọ. Ó pe bàbá rẹ̀ kí ó wá gbọ́. Bàbá gbọ́ ọ lórí ìdúró, ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì jáde. Ìrètí kò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti oníbàárà. Lọ́jọ́ yẹn, kí ó tó fi í ránṣẹ́, Ìrètí tẹ ìlà kan sí i nísàlẹ̀:

"Mo gbọ́, Gbénró, mo sì gbà. Màmá, mo ti gbọ́ tiyín náà."