Àga Tí Ó Bó Bí Àlùbọ́sà

Ní ọjọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjù ṣí gbọ̀ngàn tuntun rẹ̀, àga ike mọ́kànlá fọ́ mọ́ àwọn akọrin nídìí, ìyá àgbà kan sì dá lápá. Ní ọjọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe àwọn àga náà ní Sango fa Àmúdà, ẹni tí ń darí ẹ̀rọ, lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n ní ìkánjú rẹ̀ ni ó fà á. Bí ẹ̀sùn náà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ẹfúnkẹ́, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, mú Àmúdà padà sí ilé iṣẹ́ náà, ó sì fi èékánná họ ojú ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àga tí ó ṣẹ́. Ó bó ní ìpele-ìpele.

"Àmúdà, ṣé o máa ń yọ àga kí ó tó tutù?"

"Nígbà míì, mà. Àmọ́ wíwọ́ nìyẹn máa ń wọ́. Àwa fúnra wa la máa ń jókòó lé wọn nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n wọ́ bí ẹsẹ̀ mi, wọn ò sì ṣẹ́ rí."

Àmúdà jókòó lé ọ̀kan tí ó wọ́ níbẹ̀. Kò ṣẹ́.

Ọlábánjí, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ra àwọn àga náà, sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. "Funfun la béèrè, mà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ilé iṣẹ́ yìí ló ní ká gba aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ àwọn akọrin wa ò ní hàn lára rẹ̀."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n ṣí ilé ìkẹ́rù. Lẹ́yìn àpò ojúlówó ike, wọ́n bá àpò kẹ́ẹ̀gì òróró tí a ti lọ̀ wẹ́wẹ́.

"Ike ni gbogbo rẹ̀, màdáàmù," ni Ṣótúndé wí. "Kí ló kan kẹ́ẹ̀gì?"

"Bí ike yíyọ́ bá ń tutù," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn, "inú rẹ̀ a máa tò bí ẹní tí a hun, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Bí Àmúdà bá yọ ọ́ ní kíákíá, kò ní tò tán, a sì wọ́. Ṣùgbọ́n ike kẹ́ẹ̀gì àti ike àga kò bára mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan to tirẹ̀ lọ́tọ̀, àárín wọn sì là. Ìdí nìyí tí ó fi bó. Kẹ́ẹ̀gì pupa rẹ́súrẹ́sú kò sì lè di àga funfun. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ ìdí tí àwọ̀ fi gbọ́dọ̀ yí padà."

Ṣótúndé wo àpò náà. "Ojúlówó ni mo ń tà síta, tí mo ń fi kẹ́ẹ̀gì dí àyè rẹ̀," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àmúdà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀, gbé àwọn àga funfun tuntun dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjù. Ìyá àgbà, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì, wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jókòó."

Ó jókòó. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa tirẹ̀ sún mọ́ ọn.