Òjò Ló Gbé Sẹ́nétọ̀ Haugen Dé Washington

Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run láàárọ̀ ọjọ́ náà. Koríko tí Orrin Tollefson gé sílẹ̀ fún oúnjẹ màlúù rẹ̀ nígbà òtútù ti gbẹ dáadáa. Ó tò lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Orrin wà lórí katakata, ó ń fa ẹ̀rọ tó ń di koríko. Rédíò ti kìlọ̀ pé òjò ń bọ̀ lọ́la.

Lavonne, ìyàwó rẹ̀, gbé kọfí wá bá a.

"Èmi ti dìbò tèmi," ó wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ìbò wo?"

"Ìbò wo kẹ̀? Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ni lónìí! Ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀ láti rọ́pò Sẹ́nétọ̀ Haugen là ń yàn."

Orrin gbé kọfí mì. "Lavonne, oṣù kọkànlá ni ìdìbò gidi. Nígbà yẹn, koríko ti wà nílé, màlúù ti sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Màá wẹ̀, màá wọ bàtà tó dáa, màá lọ dìbò bí ọmọlúàbí. Koríko ò ní dúró de òṣèlú."

"Orí òkè tí o dárúkọ yẹn gan-an ni Tharp, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò náà, ní kí ìjọba tà."

Orrin gbójú wo òkè náà. Ilẹ̀ ìjọba ni orí òkè náà, ṣùgbọ́n láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni màlúù wọn ti ń jẹ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilene Burkett, tó ń bá Tharp du ipò náà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á. Bí wọ́n bá tà á, Orrin ò lówó tí yóò fi bá àwọn olówó ìlú ńlá du ú. Ìdajì màlúù rẹ̀ ni yóò kó lọ sọ́jà.

"Àwọn èèyàn ò ní yan Tharp," ó wí níkẹyìn.

"Àwọn èèyàn wo? Gbogbo àwọn èèyàn rẹ wà lórí katakata bíi tìẹ!"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti dúró létí ọgbà. Sẹ́nétọ̀ Merrill Haugen fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Òdìkejì odò ni ilé rẹ̀ wà.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn bàbá náà lágbègbè yẹn. Àgùntàn ló ń sìn kí wọ́n tó yàn án sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ó lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà Washington. Kò fẹ́ kí ìjọba ná owó tí kò ní, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó ohun tí àwọn baba fi lélẹ̀. Ó ta ko àbá tó pọ̀ débi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Bàbá Ó-Tì. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn pàápàá gbà pé ohun tó bá sọ nílé ló ń sọ ní Washington. Lọ́dún yìí, ó ní orúnkún òun ti ní ó tó.

"Ẹ káàárọ̀, Sẹ́nétọ̀."

"Káàárọ̀, ọmọ Tollefson. Lavonne, mo kí ọ o. Mò ń gbọ́ ariwo yín láti ojú títì."

"Ẹ bá mi dá sí i, bàbá," Lavonne wí. "Ó ní ìbò tòní kì í ṣe ìbò gidi."

Sẹ́nétọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Orrin, kí ló gbé mi dé Washington?"

"Ìbò ni, sà."

"Òjò ni!" Ó fara ti táyà katakata. "Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ jáde du ipò, ní ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, lọ́yà olówó kan ni wọ́n mọ̀ ní ìgboro. Àgùntàn ló mọ èmi. Gbogbo àwọn tó lè dìbò fún mi ló ń gé koríko. Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé. Kò dá. Kò sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá wọ bàtà òjò wá dìbò. Ìbò tí mo fi ju lọ́yà yẹn lọ ò tó ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ta ló tún bá mi jà? Ibẹ̀ ni mo ti gba Washington lọ. Nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, ẹni tí ẹgbẹ́ wa bá fà kalẹ̀ lóṣù kẹjọ ti wọlé tán."

Orrin wo ojú ọ̀run. "Ọ̀la lòjò ń bọ̀, sà. Bí mo bá lọ sí ìgboro nísinsìnyí, n ò ní di gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Koríko mi á bàjẹ́."

"Mo gbọ́. Sọ̀ kalẹ̀."

"Sà?"

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí katakata. Èmi ti dìbò. Màá máa bá ọ di koríko lọ."

Lavonne fọwọ́ bo ẹnu. Orrin ní, "Sẹ́nétọ̀, ìgbà wo lẹ wa katakata kẹ́yìn? Ẹ má wà á wọnú odò o!"

"Mo ti bá àwọn tó lórí kunkun jù ú lọ jókòó ní Washington. Sọ̀ kalẹ̀ jàre!"

Orrin sọ̀ kalẹ̀. "Ta lẹ wá fẹ́ kí n dìbò fún?"

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà. "Ìyẹn ò kàn mí. Bí mo bá sọ fún ọ, ìbò tèmi lo lọ dì yẹn. Máa lọ."

Ní gbọ̀ngàn ìdìbò, obìnrin tó wà nídìí tábìlì ń hun ìbọ̀sẹ̀. "Háà, Orrin! Ìwọ ni àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí látàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó dìbò tán, kò lọ sílé tààrà, torí Sẹ́nétọ̀ ṣì ń bá a di koríko. Ó yà sí pápá aládùúgbò rẹ̀, ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ n gbà ọ́." Ẹni yẹn dìbò, òun náà lọ gba ẹlòmíràn. Wọ́n ti máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń sàmì sára ọmọ màlúù. Wọn ò ronú rí pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìbò.

Burkett ló wọlé. Iye ìbò tó fi ju Tharp lọ ò ju èrò tó lè kún gbọ̀ngàn kékeré yẹn.

Ẹ̀yin ará oko, ẹ tètè wádìí ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé yín. Bí iṣẹ́ ò bá ní jẹ́ kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ẹ lè dìbò ṣáájú. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pàṣẹ fún ara yín lórí ẹni tí ẹ máa yàn. Ẹni tó jókòó sílé lóṣù kẹjọ, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti yàn ni yóò lọ fọwọ́ sí lóṣù kọkànlá.